Iná Mosúnmọ́lá

Iná kú lábẹ́ agbada Mosúnmọ́lá nígbà tí gàrí inú rẹ̀ ò tíì gbẹ dé ààbọ̀. Kò rọra kú o. Ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fìtílà pa, ohùn obìnrin kan sì sọ̀kalẹ̀ láti òrùlé, ohùn tó tutù, tó dùn, tó jẹ́ pé bí ẹni tó ni ín bá wà nítòsí ni, wọn ì bá ti gbá a létí: "Ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ni iná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ni iná fi ọwọ́ rẹ̀ hàn."

Ẹfúnyẹmí ló ni ọwọ́ náà. Igbá tó fi ń da gàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo agbada, ó wo àwọn obìnrin yòókù tí wọ́n ti dáwọ́ dúró nídìí iná tiwọn. Gàrí tí iná bá kú mọ́ nínú báyìí ò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti di oúnjẹ adìyẹ nìyẹn.

"Ọwọ́ mi nìyí," ló wí fún òrùlé. "Èmi ni Ìyá Ẹbu níbí."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ẹbu," ni ohùn náà dáhùn. "Iná yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Iná yìí kì í ṣe tiyín. Ẹni tó ni ín kò fi ọwọ́ kàn án láti oṣù tó kọjá, oṣù kan tí a fún un sì ti pé lónìí. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, a óò gbé e fún ẹlòmíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹfúnyẹmí ju igbá sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan yìí ti ń bí i nínú, ṣùgbọ́n kí nǹkan tí kò lójú tí kò nímú pa iná ìyá ìkókó, kó tún wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìyẹn ti kọjá ohun tó lè gbé mì.

Mosúnmọ́lá wà nílé, ó ń tọ́jú ara. Abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ ò sì tíì jinná tó fi lè jókòó ti iná. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún iná yẹn. Yàtọ̀ sí i, kò sí ibòmíràn láyé tí oúnjẹ ti ń wọlé fún un. Bí wọ́n bá gbé iná náà fún ẹlòmíràn nírọ̀lẹ́ yìí, kò ní rí i gbà padà mọ́, nítorí àwọn tó ń tò fún iná ní Odò-Ṣẹ̀gi pọ̀ ju iná tó wà lọ.

Ẹbu ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láti ayébáyé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín kì í rú níbẹ̀ mọ́. Ooru oòrùn tí òrùlé bá gbà lójú mọmọ ni wọ́n ń tọ́jú sínú ilẹ̀, òun ló sì ń gbóná lábẹ́ agbada. Ẹ̀rọ ló ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ló ń rin ín, ẹ̀rọ ló ń fún un. Bí gàrí bá délẹ̀ tán, àwòdì akẹ́rù, àwọn ẹ̀rọ abìyẹ́ yẹn, á bà sójúde, wọ́n á gbé àpò wọn, ó di Èkó. Dídín nìkan ló kù sọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀rọ sí i rí, àwọn ará Èkó sì dá gàrí rẹ̀ padà pé iyanrìn làwọn ń jẹ.

Ẹbu yìí ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní ìdúró. Obìnrin tó bá bímọ, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ kú. Àwọn yòókù ló ń bá a dín in, lórúkọ rẹ̀ ni gàrí náà sì ń lọ. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ẹni tó dúró. Wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n dúró fún, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á tètè jí dé, á dín ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, á sì lọ sídìí tirẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá bá a níbẹ̀, onítọ̀hún á kọ ẹ̀yìn sí i títí tó fi máa parí. Bí aláìsàn bá padà dé, kò ní sí ẹnì kan tó máa rí bí olóore òun, tí á máa forí balẹ̀ fún títí ayé. Gbogbo wọn ló máa kí bákan náà.

Ohun tí Gbogboǹṣe ò lè gbà gan-an nìyẹn.

Gbogboǹṣe lorúkọ ohùn inú òrùlé. Òfin Ọwọ́ ní kí gbogbo ilé iṣẹ́, ńlá àti kékeré, ní ọpọlọ: ètò tí yóò máa darí iná àti ilẹ̀kùn àti òṣùwọ̀n, tí yóò sì máa mọ ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́. Ibi tí kò bá ní ọpọlọ, àwòdì kankan ò ní bà síbẹ̀. Gbogboǹṣe làwọn èèyàn sábà máa ń rà, torí ó wà nílẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ti rán kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fi ṣe ìdánwò ní ẹbu yìí fún oṣù kan. Lónìí, lẹ́yìn ìrun Alaasari, alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ṣé Gbogboǹṣe lẹ máa rà ni, àbí ẹ ní ọpọlọ tiyín tí ẹ fẹ́ kí n dán wò? Bí wọ́n bá sì mú tiwọn jáde, tí kò yege, alábẹ̀wò yóò ti ilẹ̀kùn ẹbu lójú ẹsẹ̀.

Àlàájà Ṣìfáwù ló kọ́kọ́ dìde. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, òun náà ló sì máa ń pe Ẹfúnyẹmí lórúkọ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń pè é ní Ìyá Ẹbu.

"Yẹmí," ló ní, "mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Gbé e kúrò níbẹ̀."

Ó ní ṣebí àbúrò òun ọkùnrin wà lára àwọn ẹlẹ́ja kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ní àwọn ò ra Gbogboǹṣe, tí wọ́n bẹ ọmọkùnrin kan lọ́wẹ̀ kó bá wọn kọ́ ọpọlọ tiwọn. Ọmọ náà kọ́ ọ, ó dára, gbogbo ìlú ń yìn ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rí ìwé ìrìnnà gbà, ó sọdá òkun. Ọjọ́ tí ọpọlọ ọ̀hún yarí, tó ní òun ò ṣílẹ̀kùn omi, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú wọn ni ẹja ṣe kú nínú kòtò, tí gbogbo àdúgbò ń rùn. Ó ní bí Gbogboǹṣe bá ti bàjẹ́, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló mọ̀ ọ́n tún ṣe. "Bí tiwa bá bàjẹ́, ta la máa pè? Iná ọ̀kan lo fẹ́ gbà sílẹ̀, o fẹ́ pa ti gbogbo wa."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹfúnyẹmí lára, torí òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti rò ó títí orí ń fọ́ ọ. Yàtọ̀ sí òun, obìnrin méjìlélógún ló wà nínú ẹbu yẹn, kò sì sí èyí tí òun lè wò lójú kó sọ fún un pé kó lọ jókòó sílé nítorí Mosúnmọ́lá. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé Mosúnmọ́lá nìkan kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa dùbúlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iná wọn á sì kú.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí Láńrewájú wọlé. Òun ni aṣojú Gbogboǹṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán, tó máa ń pe gbogbo wọn ní Mọ́mì bí ẹni pé gbogbo wọn ló bí i. Ká má parọ́ mọ́ ọn, kò burú. Ó kí àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà, ó sì bẹ̀bẹ̀ nítorí gàrí tó bàjẹ́.

Ẹfúnyẹmí bi í bóyá Gbogboǹṣe lè jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn dín gàrí lórí iná ẹni tó ṣàìsàn láìbéèrè ta ni. Láńrewájú rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀rọ ni wọ́n á ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Wọ́n á gbé e yẹ̀ wò. Bí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn káàkiri ayé bá béèrè irú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó wà nínú èyí tí wọ́n máa gbé jáde lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lọ́dún kẹta.

"Ta ni yóò béèrè irú rẹ̀?" ni Ẹfúnyẹmí wí. "Ibo ni wọ́n tún ti ń ṣe é?"

Láńrewájú gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù ò fi gbọ́.

"Mọ́mì, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà kan rí. Mo gbọ́ pé nígbà tí àgbàrá gbé ọmọ yín lọ, ẹ ò jáde nílé fún odidi oṣù méjì, iná yín ò sì kú. Ọdún mọ́kànlá rèé, àbí? Àwọn òṣùwọ̀n abẹ́ agbada yìí ni ẹ ti ń lò láti ìgbà náà. Wọn kì í gbàgbé nǹkan. Bí kálukú ṣe ń da igbá yàtọ̀ síra, Gbogboǹṣe sì dá ọwọ́ gbogbo yín mọ̀ báyìí. Bí mo bá tẹ ibi báyìí lórí ẹ̀rọ ọwọ́ mi, ó máa dárúkọ ẹni tó dúró fún yín. Ẹ ò ní fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú ni?"

Àwọn obìnrin tí wọ́n ń wo Ẹfúnyẹmí tẹ́lẹ̀ gbé ojú wálẹ̀. Àlàájà Ṣìfáwù yí padà, ó lọ ń wá nǹkan nídìí àmù omi.

Ẹ gbọ́, ó wu Ẹfúnyẹmí. Kò sí ìdí láti purọ́ rẹ̀. Oṣù méjì yẹn, orí ẹní ló wà, kò wẹ̀, kò fẹ́ rí oòrùn. Àpò gàrí tó ń lọ lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ tí wọ́n ń fi ipá bọ́ ọ. Ẹnì kan kúrò lórí ibùsùn tirẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó fi ọwọ́ tó ti rẹ̀ dín gàrí òun. Àìmọye ìgbà ló ti wu òun láti kúnlẹ̀ fún ẹni náà. Ọmọkùnrin yìí na ìka kan, orúkọ náà sì wà lábẹ́ ìka ọ̀hún.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni Ẹfúnyẹmí wí.

"Mọ́mì, ìṣẹ́jú kan ni…"

"Mo ní má tẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mi ò lè bá ẹnì kankan nínú àwọn obìnrin yìí jà kó di ọjọ́ kejì, torí ó lè jẹ́ òun ni. Èyí tó bú mi, ó lè jẹ́ òun ni. Èyí tó ṣépè fún mi nídìí omi lọ́jọ́sí, ó lè jẹ́ òun ni. Bó o bá dárúkọ ẹnì kan fún mi, o ti gba mọ́kànlélógún lọ́wọ́ mi nìyẹn. Gbé ìka rẹ kúrò."

Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ojú tì í díẹ̀, ó sì yẹ kó tì í.

Ẹfúnyẹmí wá pe Ṣèyífúnmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ṣèyífúnmi, obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn wá sílé. Láti bí oṣù mẹ́rin ló ti ń kọ́ ọpọlọ kan fún ẹbu, tó sì ń dán an wò lórí iná méjì tó wà lẹ́yìn ilé. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi gbé e, kò ju ìwé Bíbélì lọ. Àwọn obìnrin máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí ohùn Ṣèyífúnmi fúnra rẹ̀ ló ń sọ, ohùn tó máa ń há a lọ́fun bí ó bá mu omi dídì.

Ẹfúnyẹmí ní kó sọ gbogbo àléébù nǹkan náà lójú gbogbo èèyàn. Ṣèyífúnmi sì sọ ọ́. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí òjò ṣú, ọpọlọ rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ ìyá kan nínú ilé ìtọ́jú ẹ̀gẹ́. Ó ní òun ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun ò lè búra pé kò ní sí òmíràn. Ní ti ìdúró, ó ní òun ti ṣe ohun tí òun lè ṣe. Ọpọlọ yìí kì í pa iná. Ó máa mọ ọwọ́ tó dúró, torí òfin ní kó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n yóò ti orúkọ náà pa. "Èmi nìkan ni mo lè ṣí i," ló ní, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Ìwọ nìkan?" ni Ẹfúnyẹmí bi í.

"Èmi nìkan, mà."

"A jẹ́ pé ẹnì kan ti mọ̀ nìyẹn. Kí ni ìyàtọ̀ ìwọ àti ọmọ Gbogboǹṣe yìí? Ìka tìẹ ló wà lórí rẹ̀ báyìí."

Ó dun Ṣèyífúnmi. Ó ní kí ni Ìyá Ẹbu wá fẹ́ kí òun ṣe? Bí òun bá yọ orúkọ kúrò pátá, alábẹ̀wò á wo ibẹ̀, á bá a ní òfìfo, á sì ti ẹbu. Òfin kò gba òfìfo. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, torí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin kì í ṣe nǹkan eré.

Ẹfúnyẹmí jókòó sórí àpò kan. Ó wo pátákó ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada Mosúnmọ́lá, ibi tí èèyàn ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kí iná tó tàn. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè lọ́wọ́ Láńrewájú iye ọwọ́ tí Gbogboǹṣe lè gbà lórí iná kan.

"Ọ̀kan ni, Mọ́mì. Iná kan, ọwọ́ kan. Bí wọ́n ṣe ṣe é káàkiri ayé nìyẹn."

"Tìẹ ńkọ́, Ṣèyí?"

Ṣèyífúnmi nu ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ bá ṣe fẹ́, mà. Èmi ni mo kọ ọ́ sí ọ̀kan. Bẹ́ẹ bá ní kó jẹ́ ogún, kò ní gbà mí ju àkókò tí ẹ máa fi gbé omi kaná lọ."

"Yọ gbogbo títì tó o tì í. Jẹ́ kó gba iye ọwọ́ tó bá wá. Jẹ́ kó kọ gbogbo wọn sílẹ̀ gbangba."

Ṣèyífúnmi wò ó lójú, ó sì yé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí àpótí rẹ̀. Láńrewájú ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi èrò sí i, pé ẹni tó bá fi Gbogboǹṣe sílẹ̀ lónìí, ìlọ́po méjì owó ìdánwò ni yóò fi gbà á bó bá padà wá. Àlàájà Ṣìfáwù nìkan ló ṣì dúró nídìí àmù, tó káwọ́ lẹ́yìn.

"O ò tíì dáhùn ìbéèrè mi," ni Àlàájà wí. "Bí Ṣèyí bá lọ ńkọ́?"

Ẹfúnyẹmí ní ìbéèrè náà dára, òun sì ti ní èsì rẹ̀. Láti ọ̀la, Ṣèyífúnmi yóò máa kọ́ obìnrin mẹ́ta nínú ẹbu bí wọ́n ṣe ń ṣí ọpọlọ náà, bí wọ́n ṣe ń tì í, bí wọ́n ṣe ń bá a wí bó bá ya ìyàkuyà. Ó ní Àlàájà ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

"Èmi tí mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́?"

"Ẹ máa fi ẹnu bá a sọ ọ́, Àlàájà. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ í sọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ara sì tú díẹ̀. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tú ọwọ́ tó ká sẹ́yìn sílẹ̀.

Alábẹ̀wò dé nígbà tó yẹ kó dé. Ìyáàfin Ọdúnsì lorúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti rìn jìnnà, tí kò fẹ́ omi, tí kò fẹ́ àga. Ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ẹfúnyẹmí ò jẹ́ kó parí rẹ̀ tán.

"A ò ra Gbogboǹṣe," ló ní. "Tiwa rèé."

Ó nawọ́ sókè, ó sì pa Gbogboǹṣe lára ògiri. Ohùn òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó kú síbi "A dú…". Ṣèyífúnmi gbé àpótí tirẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ó tì, ó tún ṣí. Òṣùwọ̀n dáhùn. Ìyáàfin Ọdúnsì wò ó káàkiri, ó tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń mi orí. Ó ń lọ dáadáa títí tó fi dé ìdí iná Mosúnmọ́lá.

"Iná yìí ti dín gàrí láti oṣù tó kọjá," ló ní, "ẹni tó ni ín ò sì sí níbí. Ọwọ́ ta ni?"

Ó tún béèrè. Ó wá bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn lóòótọ́. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n kórìíra Òfin Ọwọ́, ṣùgbọ́n òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Òun ti ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rí, kí òun bá ọmọdé nínú ẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, tí ọ̀gá wọn ní ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe ní kò gbọdọ̀ sí ọwọ́ tó pamọ́. "Bí mi ò bá mọ ọwọ́ tó dín gàrí yìí, màá tilẹ̀kùn. Ẹ má bínú sí mi."

Ẹfúnyẹmí mí kanlẹ̀. Kò bá ẹnì kankan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ló pinnu nínú ọkàn rẹ̀ láti lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó náà, kó sì gbàdúrà pé kí àwọn yòókù rí ọgbọ́n ibẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, orúkọ òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀, ìdúró á sì ti bàjẹ́ títí láé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan.

Àlàájà Ṣìfáwù ti kọjá lára rẹ̀. Ó rọra rìn bó ṣe máa ń rìn, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé pátákó.

"Èmi ni," ló ní.

"Àlàájà Ṣìfáwù," ni ọpọlọ wí, pẹ̀lú ohùn Ṣèyífúnmi tó há díẹ̀. Iná tàn.

Ìyáàfin Ọdúnsì ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí obìnrin tó wà nídìí iná kejì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, tó wá gbé e lé pátákó náà. "Èmi ni." Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. "Èmi ni." Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára, láìpariwo, àwọn tó ti ń bá ara wọn jà láti ọdún tó kọjá ń dúró lẹ́yìn ara wọn, ọpọlọ sì ń dárúkọ wọn títí. Ìyá Ẹbu ló ṣe ìkẹyìn. Pátákó náà ti gbóná lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ń parọ́ fún mi," ni alábẹ̀wò wí.

"Mádàámú," ni Ẹfúnyẹmí wí, "òfin ní kí ọwọ́ má pamọ́. Mélòó lẹ rí tó pamọ́ níbí? Ẹ kà wọ́n. Bí ẹ bá rí ọwọ́ ọmọdé nínú wọn, ẹ tilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí ọwọ́ àlejò tí a kò sanwó fún, ẹ tilẹ̀kùn. Gbogbo wa la fi ojú wa hàn, gbogbo wa la fi ọwọ́ wa hàn, bí wàhálà bá sì ti ìdí iná yìí wá, gbogbo wa lẹ máa mú. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gba ọ̀kan lọ́wọ́ wa."

Ìyáàfin Ọdúnsì rìn yí agbada ká. Ó fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ wo àwọn orúkọ náà látòkè délẹ̀. Láńrewájú dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀, kò sì jọ pé òun náà fẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ mọ́.

"Òfin ò sọ iye ọwọ́," ni obìnrin náà wí nígbẹ̀yìn, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kò sẹ́ni tó rò ó." Ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ìkórè, láìsọ tẹ́lẹ̀, bí òun bá sì bá ọwọ́ kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ẹbu yìí, òun fúnra òun lòun máa kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹfúnyẹmí ní kó máa bọ̀, àwọn á ti dín èyí tó máa mu dè é.

Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tó fa Ẹfúnyẹmí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àárẹ̀ ti yọ kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀.

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí o. Ta ni gan-an?"

Gàrí ọjọ́ yẹn nìkan ni Ẹfúnyẹmí mọ̀ pé òun dín; kò mọ ẹni tó dín ìyókù. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ti da ẹ̀gẹ́ tuntun sínú agbada Mosúnmọ́lá. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ta lórí irin gbígbóná. Alábẹ̀wò fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ẹfúnyẹmí di apá rẹ̀ mú.

"Rárá, mà. Ẹ kọjú síta."

Láìwo ìdí iná yẹn, ó rí ẹbu bí ó ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré: àwọn obìnrin yòókù ti kọ ẹ̀yìn sí iná náà, kálukú ń wo iná tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mira. Òun náà yí padà. Alábẹ̀wò náà kọjú síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń wo àwòdì tó ń bà sójúde. Lẹ́yìn wọn, igbá bẹ̀rẹ̀ sí í ha agbada, ẹnì kan sì ń dín gàrí Mosúnmọ́lá lọ.